Bí a Ṣe ń Darí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Abẹ Eyín ní Yunifásítì tí Aláìsàn Kò Fi Ní Sọnù Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ eyín ní yunifásítì kì í ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an. Àwọn dókítà mọ ìyẹn ṣe. Ohun tó ń bọ́ ni òwúrọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ pàdé: aláìsàn tí a dá ọjọ́ fún, akẹ́kọ̀ọ́ tó máa tọ́jú rẹ̀, olùkọ́ tó máa dúró tì í, àga tó ń ṣiṣẹ́, irinṣẹ́ tó mọ́, àti fáìlì tó wà nílẹ̀. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú wọn, ìyókù di asán. Aláìsàn á jókòó láti àárọ̀ kùtù, wọn á sì ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti ẹni tí a gé ẹran díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ fún àyẹ̀wò, tí èsì rẹ̀ dé, tí kò sí ẹni tó kà á.

Olórí ẹ̀ka tuntun, akọ̀wé ẹ̀ka, nọ́ọ̀sì àgbà àti olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò kílíníìkì lé lọ́wọ́ ni mo kọ èyí fún. Ohun méjì ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ẹ máa ṣírò iṣẹ́ yín láti ibi ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níwájú ojúṣe kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Kàlẹ́ńdà ẹ̀kọ́ yunifásítì fún gbogbo ọdún, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ ìdánwò àti àsìkò ìsinmi.
- Orúkọ gbogbo olùkọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń lò ní kílíníìkì ní ti gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́.
- Iye àga tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, àti ohun tó ń ṣe èyí tí kò ṣiṣẹ́.
- Iye ìdì irinṣẹ́ tó pé, èyí tí a lè fi yọ eyín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìyá nǹkan kan lọ́dọ̀ àga kejì.
- Ìwé tó sọ irú iṣẹ́ àti iye iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó yege.
- Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta, yálà ti bébà tàbí ti kọ̀ǹpútà: ti èsì àyẹ̀wò, ti autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò lára irinṣẹ́), àti ti ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀.
- Òfin orílẹ̀-èdè yín lórí ìpamọ́ fáìlì aláìsàn, ìtànṣán X-ray àti ìdọ̀tí ilé ìwòsàn.
- Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ò ní yí ohunkóhun padà, tí ẹ kàn máa fi wò, tí ẹ sì máa fi kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó. Olórí tuntun tó dé tó sì ń pín tábìlì iṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ kẹta ń tún ohun tí kò tíì mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ ṣe.

Ìpele 1: Ẹ ka ohun tó ṣọ̀wọ́n

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń dá ọjọ́ fún aláìsàn gẹ́gẹ́ bí iye àga tó wà nílẹ̀. Àga kì í sábà jẹ́ ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é.

Ká ní àga 12 wà. Olùkọ́ 2 ló wà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lè mójú tó akẹ́kọ̀ọ́ 4 lẹ́ẹ̀kan náà láìfi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. A jẹ́ pé àga 8 lẹ ní, kì í ṣe 12. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń lo wákàtí kan àbọ̀ lórí aláìsàn kan, láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè títí tí olùkọ́ fi bọwọ́ lù ú, wákàtí mẹ́ta á gba aláìsàn 2 lórí àga kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 16. Ẹ wá wo irinṣẹ́. Bí ìdì irinṣẹ́ ìyọyín bá jẹ́ 12, tí ó sì ń gba wákàtí méjì kí ìdì tó dọ̀tí tó tún mọ́ kó sì tutù, 8 á lọ fún àwọn aláìsàn àkọ́kọ́, 4 péré ló sì máa ṣẹ́ kù fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Aláìsàn 12 ni àárọ̀ yẹn gbà. Àga wí pé 24, olùkọ́ wí pé 16, irinṣẹ́ wí pé 12. Ti irinṣẹ́ lẹ máa tẹ̀ lé.

Ìṣirò yìí tún ń sọ ibi tí owó yẹ kó lọ. Ẹ̀ka tí irinṣẹ́ há mọ́ lọ́wọ́ tó lọ ra àga tuntun kò tíì tọ́jú aláìsàn kan kún iye tó ń tọ́jú tẹ́lẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́, ẹ má ka olùkọ́ tó ní kíláàsì ní aago mẹ́wàá, tàbí tí wọ́n lè pè sí yàrá iṣẹ́ abẹ nígbàkigbà, gẹ́gẹ́ bí odindi ènìyàn kan. Èkejì, ẹ má fi ìṣẹ́jú tí olùkọ́ fi ń yọ eyín díwọ̀n akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn lọ́tọ̀, kí ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kílíníìkì lọ́tọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ iye tí a dá ọjọ́ fún àti iye tí a parí iṣẹ́ wọn. Ẹ ya àwọn tí kò wá sọ́tọ̀. Bí ó bá ju ẹnì kan nínú mẹ́wàá lọ tí ó wá tí a sì dá padà nítorí àléébù tiwa, iye tí ẹ ń dá ọjọ́ fún ṣì ga jù.

Ìpele 2: Orúkọ kan fún ojúṣe kan

Ẹ ya bébà kan sí òpó mẹ́ta: ojúṣe, ẹni tó ni ín, ẹni tó ń dípò rẹ̀ bí kò bá sí. Ojúṣe tí kò gbọdọ̀ ṣàì sí níbẹ̀ ni kàlẹ́ńdà, dídá ọjọ́ fún aláìsàn, fáìlì, autoclave, sítọ́ọ̀, èsì àyẹ̀wò, àpótí oògùn pàjáwìrì, ìtànṣán X-ray, àti ìwé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá kọ "gbogbo nọ́ọ̀sì" tàbí "ìgbìmọ̀" sí òpó kejì, òfìfo ni òpó náà. Ìgbìmọ̀ lè pinnu nǹkan, ṣùgbọ́n kì í jí lọ wo èsì ní yàrá àyẹ̀wò.

Ibi tí olórí ẹ̀ka ti máa ń ṣìnà nìyí: ó fún nọ́ọ̀sì àgbà ní autoclave, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n máa mú ìwé rẹ̀ wá kí òun bọwọ́ lù ú kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Bí a bá fi àgbò fún eégún, à á fi okùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ni ojúṣe gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró. Bí nọ́ọ̀sì autoclave bá ní ìdì yìí kò kọjá àyẹ̀wò, ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá kò gbọdọ̀ lò ó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ dá ẹnì mẹ́ta dúró ní ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan, dókítà kan. Ẹ bi wọ́n pé, "Ta ló ń bójú tó èsì àyẹ̀wò?" Bí orúkọ tí wọ́n dá kò bá jọra, bébà yẹn kò tíì ṣiṣẹ́.

Ìpele 3: Kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, àti ìbéèrè kí a tó dá ọjọ́

Kàlẹ́ńdà ẹ̀kọ́, ìsinmi olùkọ́, ọjọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ, ọ̀sẹ̀ ìdánwò àti ìwé aláìsàn gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ló ń fi ẹ̀ka hàn jù: wọ́n ti fi gbogbo àga ṣe ìdánwò, àwọn tí a ti dá ọjọ́ fún láti oṣù méjì sẹ́yìn sì ń wọlé. Ẹ ti ọjọ́ wọ̀nyẹn pa nínú ìwé aláìsàn ní ọjọ́ tí yunifásítì bá ti gbé kàlẹ́ńdà jáde.

Ẹ pín àkókò sí oríṣi, torí yíyọ eyín tó ń mì kò jọ lílà tí a ń la èrìgì láti yọ eyín ìkẹyìn tó há sínú egungun àgbọ̀n. Lójoojúmọ́, ẹ fi àga kan ó kéré tán sílẹ̀ láìdá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ wú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, ẹni tí ibi tí a ti yọ eyín ń ro ó gidigidi ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dì síbẹ̀ ti ṣí, gbogbo wọn máa wá, ẹ dá ọjọ́ tàbí ẹ ò dá a. Nítorí náà ni mi ò fi fara mọ́ kí a kó iṣẹ́ ńlá jọ sí ọjọ́ Ẹtì. Ìrora tó bá dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kì í bá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka.

Akọ̀wé tó ń dá ọjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìbéèrè tí kò gbọdọ̀ fò:

- Ṣé oògùn kan wà tí ẹ ń lò tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì?
- Ṣé ẹ ti gba oògùn egungun rí, yálà èyí tí a ń gbé mì tàbí èyí tí a ń gún lábẹ́rẹ́?
- Ṣé wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ lórí tàbí ọrùn yín rí?
- Ṣé ẹ ní àrùn ọkàn, tàbí wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù ọkàn yín?
- Oògùn wo ni ara yín kì í gbà?

"Bẹ́ẹ̀ ni" sí èyíkéyìí nínú wọn túmọ̀ sí pé dókítà máa wo ìwé náà kí a tó dá ọjọ́. Iṣẹ́ akọ̀wé parí síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sọ fún aláìsàn pé kó dá oògùn dúró, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ lè pani, èyí tó ń jáde láti ibi eyín sì ní bí a ṣe ń dá a dúró. Fún ẹni tó ń lo warfarin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ìtọ́sọ́nà tí àwọn dókítà eyín ń lò ní Scotland ní kí a wo INR rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì) láàárín wákàtí 24 ṣáájú iṣẹ́, tàbí wákàtí 72 bí iye rẹ̀ kì í bá yí padà, kí ó sì wà lábẹ́ 4. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, àárọ̀ ni kí ẹ dá fún un, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí ojú lè tó o bí ẹ̀jẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló kàn. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń wá aláìsàn fúnra rẹ̀ kí iye iṣẹ́ rẹ̀ lè pé, yóò máa yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ìwé rẹ̀ mu, yóò sì fi ẹni tó nílò ìtọ́jú jù sílẹ̀. Bí iye náà bá sì ti pé, ìtọ́jú aláìsàn yẹn á dúró ní ìdajì. Ẹ gba ìpín aláìsàn kúrò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ka ló ni aláìsàn, akẹ́kọ̀ọ́ ń bá ẹ̀ka tọ́jú rẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kúrò, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ gbogbo aláìsàn rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò tíì parí, ohun tó kù, àti ọjọ́ tó kàn. Olùkọ́ á fi orúkọ ẹni tuntun sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bọwọ́ lu ìwé àṣeparí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe èyí.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti yí padà, ẹ fa fáìlì mẹ́wàá yọ láìyàn, nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tíì parí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó wà ní ẹ̀ka lónìí àti ọjọ́ tó ń bọ̀.

Ìpele 4: Fáìlì, àti eyín tó tọ́

Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà fi nọ́ńbà pe eyín, kí ẹ sì fòfin de ìyókù. Ọ̀nà FDI, ti àjọ àwọn dókítà eyín lágbàáyé, ń lo nọ́ńbà méjì: àkọ́kọ́ ń sọ ìhà ẹnu, èkejì ń sọ ipò eyín láti àárín. Ọ̀nà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ń ka eyín àgbàlagbà láti 1 dé 32. Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀: 18 ní ọ̀nà FDI ni eyín ìkẹyìn pátápátá lókè ní apá ọ̀tún. 18 kan náà ní ọ̀nà Amẹ́ríkà jẹ́ eyín kan ní ìsàlẹ̀ ní apá òsì, èyí tó ṣáájú ti ìkẹyìn. Bí ìwé bá wá láti ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ pe eyín náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ kí ẹ tó kọ nọ́ńbà yín sí i.

Yíyọ eyín tí kì í ṣe èyí tó yẹ kò sábà wá láti ọwọ́ tí kò mọṣẹ́. Láti orí bébà ló ti ń wá. Ó sì ń ṣẹlẹ̀ pàápàá níbi tí a ti ń yọ eyín tí kò ní àrùn, kí ìyókù lè tò dáadáa, torí kò sí ihò tàbí ìrora tó máa tọ́ka sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ jáde ní 2008. Ẹ gé e kúrú fún àga eyín báyìí:

1. Kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ má pe orúkọ fún un kó wá ní "bẹ́ẹ̀ ni".
2. Kí ó fi ìka tọ́ka sí eyín náà.
3. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka eyín náà sókè láti inú ìwé ìyọ̀ǹda, kí nọ́ọ̀sì kà á láti inú ìwé ìtọ́jú.
4. Kí olùkọ́ wo orúkọ, ọjọ́ àti ìhà lórí àwòrán X-ray.
5. Kí wọ́n kọ eyín náà sórí pátákó kékeré tó wà lójú àga.
6. Kí ẹ tún dúró lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ̀mú bá ti wà lórí eyín, kí wọ́n tó fà á.

Nọ́ńbà kẹfà ni wọ́n máa ń fò, torí pé ọwọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ṣiṣẹ́ náà lábẹ́ olùkọ́, aláìsàn sì lè kọ̀ láìpàdánù ìtọ́jú. Àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì di àkọsílẹ̀ títí olùkọ́ á fi bọwọ́ lù ú ní ọjọ́ náà gan-an. Àwòrán ẹnu aláìsàn tàbí X-ray rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí fóònù ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ láti fi bi olùkọ́ léèrè lórí WhatsApp.

*Àyẹ̀wò:* Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ka iye àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà tí olùkọ́ kò tíì bọwọ́ lù. Òdo ló yẹ kó jẹ́.

Ìpele 5: Irinṣẹ́ àti autoclave

Irinṣẹ́ tó dọ̀tí ń wọlé ní ẹnu ọ̀nà kan, èyí tó mọ́ ń jáde ní ìkejì, wọn kì í pàdé. Ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí kúrò kí ẹ tó dì wọ́n, torí ooru kì í wọ abẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Lẹ́yìn náà, 134°C fún ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán, tàbí 121°C fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ jẹ́ kí èyí yé gbogbo ènìyàn: ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ooru bá ti dé ìwọ̀n náà. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì.

Àwọ̀ tó yí padà lórí ìdì kì í ṣe ẹ̀rí pé kòkòrò ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé ìdì náà ti gba inú ooru kọjá. Ẹ̀rí gidi wà nínú àkọsílẹ̀ ooru àti ìtẹ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde, àti nínú àyẹ̀wò tí a fi irúgbìn kòkòrò Geobacillus stearothermophilus ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ní kí a ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Kí nọ́ńbà ìsè kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí autoclave ṣiṣẹ́, wà lórí ìdì, kí nọ́ọ̀sì sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì aláìsàn tí wọ́n lò ó fún. Bí àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ yìí bá kùnà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ta la ti lo ìdì wọ̀nyẹn fún? Ẹ̀ka tí kò lè dáhùn láàárín wákàtí kan kò ní àkọsílẹ̀ autoclave, bí ó ti wù kí ìwé náà kún tó.

Ọwọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ eyín àti egungun náà gbọ́dọ̀ wọ autoclave láàárín aláìsàn kan sí èkejì. Òun ló máa ń wọ́n jù, nítorí náà òun ni wọ́n máa ń fi oògùn nù lásán. Ẹ kà á mọ́ ìṣirò Ìpele 1. Láàárọ̀, kí omi ṣàn nínú okùn àga kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 2 kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó jókòó. Àpótí abẹ́rẹ́ àti abẹ tí a ti lò kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ kí a tó dé e.

Nípa eyín tí a ti yọ: akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti kó wọn jọ fún ìdánrawò. Kò burú bí aláìsàn bá gbà tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n eyín tí wọ́n ti fi amalgam dí kò gbọdọ̀ wọ autoclave tàbí iná ìdọ̀tí, torí mákúrì inú rẹ̀ á di èéfín. Amalgam wà lára ohun tí Àdéhùn Minamata lórí mákúrì, tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní 2013, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dín kù. Ẹ fi àpótí rẹ̀ sọ́tọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ mú ìdì kan lórí pẹpẹ. Ẹ wá ìsè rẹ̀ rí nínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fáìlì kan, kí ẹ wá ìdì rẹ̀ rí. Ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ já.

Ìpele 6: Èsì àyẹ̀wò tí kò gbọdọ̀ sọnù

Bí ẹ bá ní okun fún ìpele kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, èyí ni kí ẹ ṣe. Egbò ẹnu tí kò san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè jẹ́ jẹjẹrẹ, oṣù kan tí èsì fi sùn nínú dúrọ́ọ̀ sì lè yí irú ìtọ́jú tí ẹni náà máa rí gbà padà.

Ìdí tí èsì fi ń sọnù rọrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ ló gé ẹran náà. Nígbà tí èsì dé, ó ti bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn. Akọ̀wé fi èsì sínú fáìlì, ó sì dá fáìlì padà sí pẹpẹ. Gbogbo wọn ló ṣe ojúṣe wọn. Kò sí ẹni tó ń retí èsì náà.

Ẹ ṣe ìwé kan tí òpó rẹ̀ jẹ́: nọ́ńbà, orúkọ aláìsàn, fóònù rẹ̀ àti ti ẹnì kan tó sún mọ́ ọn, ibi tí a ti gé e, ọjọ́ tí a gé e, ọjọ́ tí yàrá àyẹ̀wò gbà á, ọjọ́ tí èsì yẹ kó dé, ọjọ́ tó dé, dókítà tó kà á, ọjọ́ tí aláìsàn gbọ́, àti ohun tó kàn. Ìlà kan kò tíì parí títí òpó ìkẹyìn á fi kún. Ẹni tó ni ìwé yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kì í yí kúrò ní ẹ̀ka. Ẹ má fún dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ má sì fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọjọ́ tí a bá gé ẹran, kí a dá ọjọ́ èsì fún aláìsàn kó tó dìde lórí àga. Ẹ má sọ pé "a ó pè yín." Ẹran náà gbọ́dọ̀ wọ inú fọ́málíìn 10%, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí omi náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Orúkọ ni kí ẹ kọ sí ara ìgò, kì í ṣe sí orí ìdérí, torí ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn. Tó bá jẹ́ ibi méjì la ti gé e, ìgò méjì ni.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹni tó ni ìwé yìí á fa ìlà gbogbo tí ọjọ́ wọn ti kọjá yọ, á sì pe yàrá àyẹ̀wò. Èsì tó bá burú, dókítà àgbà ló máa sọ ọ́ fún aláìsàn, lójúkojú, nínú yàrá tó nílẹ̀kùn, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó máa rí ní ibi tí a ń rán an lọ. Bí aláìsàn kò bá wá, ẹ pe fóònù kìíní, ẹ pe ìkejì, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ ìgbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ kò lè kọ "kò wá" kí ẹ pa ìlà náà dé.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gba orúkọ gbogbo ẹran tí yàrá àyẹ̀wò gbà láti ọ̀dọ̀ yín ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ fi wé ìwé yín. Bí orúkọ kan bá wà lọ́dọ̀ wọn tí kò sí lọ́dọ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni náà lónìí.

Ìpele 7: Pàjáwìrì àti abẹ́rẹ́ tó gún òṣìṣẹ́

Àpótí oògùn pàjáwìrì kì í ní àgádágodo tí ẹnì kan mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé. Ẹ fi èdìdì tó rọrùn láti já sí i. Adrenaline, atẹ́gùn oxygen, súgà, aspirin, oògùn ọkàn tí a ń fín sábẹ́ ahọ́n, èyí tí a ń fà fún ikọ́-fée, àti ti gìrì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí a kọ ìwọ̀n adrenaline sí ẹ̀yìn ìdérí, 0.5 mg sínú iṣan itan fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ṣàdédé kọ oògùn tí èémí rẹ̀ sì ń dí, torí kò sí ẹni tó ń rántí nọ́ńbà nígbà tí ẹnì kan ń ṣubú. Ẹ ṣe ìdánrawò láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì wo ìṣẹ́jú tí oxygen fi dé ojú àga.

Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn láìtíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn), kí a sì wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kan sí méjì lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn: ìwọ̀n ààbò inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 10 mIU/mL ó kéré tán. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, kó sì sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oògùn ìdènà HIV ń ṣiṣẹ́ jù láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi í pa mọ́ nítorí ìbẹ̀rù máàkì. Ẹ sọ fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí olórí ẹ̀ka fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, pé kò sí máàkì tí yóò bọ́ lára ẹni tó bá sọ.

Ìpele 8: Sítọ́ọ̀

Ìṣirò kan tó. Iye tí ẹ ń lò lójúmọ́, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ọjà ń gbà kó tó dé, ẹ fi iye ọ̀sẹ̀ kan kún un. Bí ẹ bá ń lo káátíríìjì 30 lójúmọ́ ti lidocaine, oògùn tí a ń gún sẹ́nu kí ìrora má bàa wà, tí ọjà ń gba ọjọ́ iṣẹ́ 20, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, 600 àti 150 ni, 750. Bí iye bá ti kan 750, ẹ béèrè òmíràn. Kí èyí tó máa tètè bàjẹ́ wà níwájú pẹpẹ.

Ẹ ṣọ́ra bí olùtajà bá yí ìwọ̀n padà. Káátíríìjì lidocaine 2% tó jẹ́ 1.8 ml ní oògùn 36 mg. Èyí tó jẹ́ 2.2 ml ní 44 mg. Bí sítọ́ọ̀ bá ra ìkejì tí ìwé ìwọ̀n lórí ògiri ṣì jẹ́ ti àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á máa ka káátíríìjì, á sì máa ṣi oògùn kà, pàápàá lára ọmọdé. Kí alábòójútó sítọ́ọ̀ má kó ọjà tuntun jáde títí a ó fi pààrọ̀ ìwé náà.

Ìpele 9: Ìpàdé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní ìdúró bí ó bá ṣeé ṣe, àwọn tí orúkọ wọn wà lórí bébà Ìpele 2 nìkan. Nọ́ńbà márùn-ún ni kí wọ́n kà jáde: iye aláìsàn tí a dá padà nítorí tiwa, àkọsílẹ̀ tí a kò tíì bọwọ́ lù, èsì tó ti kọjá ọjọ́, ìsè autoclave tó kùnà, àti ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó bá ju òdo lọ gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí a máa ṣe, orúkọ kan àti ọjọ́ kan kí ìpàdé tó tú. Ọ̀rọ̀ ìgbéga, ìwé ìwádìí àti yàrá ọ́fíìsì ní ìpàdé tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ èyí.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ má ṣe ìpele mẹ́sàn-án papọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ìwòye, ìwé èsì àyẹ̀wò ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ìdúró kí a tó yọ eyín tẹ̀ lé e. Ìṣirò àga, olùkọ́ àti irinṣẹ́ lè dúró di ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá fẹ́ wọlé, torí ìgbà yẹn ni tábìlì iṣẹ́ máa yí padà bákan náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní ní kí a fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.